Àsọtẹ́lẹ̀ Mi Lórí Ìdíje Yín

Ìyèbíyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí ọ, mo kí coach àti gbogbo ẹgbẹ́ basketball yunifásítì yín ní Amẹ́ríkà. Àlàáfíà la wà ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru Uncle Akíndélé ti wálẹ̀, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì.

Uncle ní ẹ ò ní kọjá ìpele kejì nínú ìdíje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ní ẹ̀yin lẹ máa gba ife, torí kò sẹ́ni tó ń fò tó ọ. Ṣùgbọ́n nínú eré yín tó kọjá tí mo wò lórí fóònù, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan lo fi ń fò. Ṣé orúnkún òsì ń dùn ọ́ ni? Ṣé coach mọ̀?

Jọ̀ọ́, sọ fún un, kódà bí kò bá ní jẹ́ kí o gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà. Kí Uncle fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́ mi lọ́rùn ju kí o máa tiro lọ. Olúwa á pa ẹsẹ̀ rẹ mọ́.

Auntie Mọ́wùnmí