Irun Baba Wà Nínú Àpò Lẹ́tà Yìí

Èmi télọ̀ ọ̀kánkán ilé yín ni mo kọ ọ́. Baba yín ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ń jáde, kí n má gé e, kí n má sì rán ọ̀rọ̀ tèmi mọ́ ọn. Wọn ò fẹ́ fóònù mọ́, torí bí wọ́n bá ti pè yín, igbe ọ̀bọ ni wọ́n máa ń gbọ́.

Àkọ́bí mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́, ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Àwa náà ń bẹ. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, mo ti gbé garawa sí i.

Àbúrò rẹ fi àwòrán rẹ hàn mí, o pọn ọmọ ọ̀bọ níbi iṣẹ́ yín tí ẹ ti ń tọ́jú ẹranko. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹ̀yìn tí mo ń retí pé kó pọn ọmọ-ọmọ mi, ọ̀bọ ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí bí àrólé.

O ní àwọn ọdẹ ló jí i gbé lọ tà, tí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Pé ẹ máa ń fa irun lára rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, àmì ìran tó wà ní ìdí irun á sì sọ igbó tí wọ́n ti bí i, kí ẹ lè dá a padà sílé. Baba mi fi gbogbo ayé rẹ̀ lé ọ̀bọ nínú àgbàdo, èmi náà lé e títí orúnkún mi fi yẹ̀. Àgbàdo yẹn ni mo tà tí mo fi rán ọ níwèé, ìwé yẹn ló wá gbé ọ lọ bá ọ̀bọ. Àbí ọ̀bọ ò wá jẹ àgbàdo náà? Èyí tí ò mọ baba rẹ̀, ò ń bá a wá baba. Ìwọ tó ní baba, o ò tẹ ilé láti ìgbà tí a ti gbẹ́ kànga tuntun.

Nítorí náà mo pe onígbàjámọ̀. Ó fẹ́ fi abẹ gé irun mi, mo ní rárá, kó fà á tìdí tìdí. Omi bọ́ lójú mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń sunkún o, irun ni. Kó o sínú ẹ̀rọ, fi tìrẹ tì í. Bí àmì náà bá bára mu, kí ọ̀gá yín ṣe ọ́ bí ẹ ti ń ṣe ọ̀bọ: kó fi mọ́tò gbé ọ padà síbi tí wọ́n ti bí ọ.

Owó tí mo máa ń béèrè, mi ò béèrè rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí; oògùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ nìkan ni kí o rà bọ̀. Ọ̀nà ò ní nà ọ́, ilé ò ní lé ọ. Bí ọ̀bọ yẹn bá sì ń ké pé òun á tẹ̀lé ọ, mú un dání. Àgbàdo ti gbó.

Àtẹ̀ka Baba rèé.

Ẹlẹ́rìí: onígbàjámọ̀ tó fa irun náà, àti ìyá yín, tí wọ́n ní àwọn náà fẹ́ fi irun tiwọn sí i. Baba kọ̀. Wọ́n ní kí ìyá yín lọ kọ lẹ́tà tiwọn.