Oògùn Tí Kò Bá Ọmọ Rẹ Lára Mu

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ nígbà tí àkọ́bí rẹ kú lọ́wọ́ mi.

Ara mi le o, má mikàn. Wọ́n kàn fẹ́ la inú mi wò lọ́la ni. Dókítà tó máa ṣe é kò dàgbà ju ọmọ-ọmọ mi lọ. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó jáde nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, oògùn wo ni kì í bá yín lára mu?"

Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ kú, n kò bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn. Ìwọ lo di ọwọ́ mi mú: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ yìí ló mú kó wú níjọ́sí." Mo ní, "Ìwọ ni dókítà ni, àbí èmi?" Mo gún un. Nígbà tó dákẹ́, mo sọ fún ọkọ rẹ pé o pẹ́ kó o tó gbé e wá. Ó gbà, torí pé dókítà ló sọ ọ́. Láti ìgbà náà, kò fojúure wò ọ́ mọ́.

Bá mi kí gbogbo ilé. Kí ọkọ rẹ, kó o sì ka èyí sí i létí: "Ìyàwó rẹ tètè gbé ọmọ náà dé, ó sì kìlọ̀ fún mi. Abẹ́rẹ́ mi ló pa á."

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.