Ọkọ̀ Bàbá Yege

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́.

Torí ọkọ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé. Lọ́dún tó kọjá, mo fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán bíi dígí, síbẹ̀ ó fìdí rẹmi níbi àyẹ̀wò ọdọọdún. Àṣé bíréèkì àti táyà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe dídán. Lọ́dún yìí, mo pààrọ̀ méjèèjì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé e lọ teruku-teruku. Ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Màdáàmù, ó yege. Ẹ lọ fọ̀ ọ́."

Ẹ ní ọjọ́ tí irin àlòkù yẹn bá yege lẹ máa wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ yín bọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́. Ọjọ́ wo ni kí n wá gbé yín?

Àbúrò yín