Àmì Ṣọ́ọ̀kì Bàbá Wa

Rodney, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà ooru Arizona. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Loretta ìyàwó mi, ó sì ti ń ríran. Orúnkún tèmi ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu.

Ní Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọkọ̀ àtijọ́ ní Norwood, mo rí ọkọ̀ Firebird bàbá wa, èyí tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án tún ṣe, tí o tà láìbi mí. Ẹni tó rà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní àmì ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

"Ìdọ̀tí yẹn? Mo ti fọ̀ ọ́ dànù. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ bàbá wa ló fa ìlà yẹn ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n to ọkọ̀ náà tán. Kí ló ká ọ lẹ́nu kò tí o ò fi sọ fún un?

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀: bí o bá wá síbi sàréè bàbá wa, má mú ọṣẹ dání. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára òkúta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Delmar