Àlùmọ́gàjí Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ bá wọn lára mu. Bàbá ò ránṣọ mọ́ nítorí ojú, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú bí abẹ́rẹ́.

Mo yá ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi jórinjórin, mo fi tú ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ààtàn ni gbogbo ibẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa: ìdérí ìgò, ìṣó, páànù tó ti dógùn-ún. Màámi ní ṣé irin àlòkù ni mo fẹ́ máa tà ni.

Lọ́jọ́ kẹta, mo hú àlùmọ́gàjí Bàbá jáde, èyí tí wọ́n ní ẹ jí tà, tí ẹ fi bínú kúrò nílé. Bàbá gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, wọ́n fọwọ́ pa á. Wọ́n wá ní, "Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ní kó máa bọ̀ wálé."

Gbogbo ilé ló ń yin ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ kọ́ ló rí i. Èmi ni mo fi gé páànù nígbà tí mo ń ṣe mọ́tò ìṣeré. Ṣóńṣó rẹ̀ kán, ẹ̀rù bà mí, mo sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kànga. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ ibi tó wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kẹ́ ẹ sì wá. Ọlọ́run á ṣọ́ yín dé. Èmi fúnra mi ni màá jẹ́wọ́ fún Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ bá mi jókòó tì wọ́n. Ẹ̀rù wọn ṣì ń bà mí.

Àbúrò yín