Ẹ̀wọ̀n Tí Mo Fi De Kọ̀ǹpútà

Bàbá mi àtàtà,

Okun o. Èmi ni, ọmọ yín tó mọ̀wé jù. Olè jà mí nílé mi ní àdúgbò Otokiti láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kọ̀ǹpútà mi ni wọ́n jí. Ẹ ò bá irú rẹ̀ láyé. Ó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n tí ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ máa ń hàn lórí rẹ̀, àpótí irin kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo rà á. Nítorí pé gbogbo ará àdúgbò ni mo kà sí olè, mo ra ẹ̀wọ̀n tó nípọn àti àgádágodo ńlá. Mo lu ihò sára tábìlì, mo de ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́ ọn pinpin, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn bí ẹni gba oyè.

Ojú yẹn ni mo pè ní kọ̀ǹpútà! Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba pe àwọn ẹlòmíràn ní dìndìnrìn. Inú àpótí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yọ wáyà, ó gbé àpótí lọ, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan àgádágodo.

Ìyá Sẹ̀kínà, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yọjú wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà, Bàbá Akọ̀wé! Òjìji ewúrẹ́ lẹ dè mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ gan-an ti lọ!"

Ààlè yín, àmì tí ẹ fi ń lé olè, ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ máa ń to igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà oko, ẹ ó fi ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo kọ́ ọ, ẹ ó sì máa lọ. Oṣù kan lè kọjá, ẹnikẹ́ni ò ní mú ẹyọ igi kan níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ já ààlè náà. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ojú mi ti là. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìkarahun náà fọ́, a fi igi yín sun iṣu. Ẹ rí wa. Ẹ ò bú mi. Ẹ ò sì pa ààlè mọ́ títí ẹ fi papò dà. Ṣé olè lẹ ń bẹ̀rù ni, àbí ọmọ yín lẹ ń tijú? Mi ò bi yín. Mi ò tọrọ àforíjì.

Ṣé ẹ rántí oríkì ìdílé wa tí ẹ kì fún mi nígbà àìsàn yín, tí mo kọ sínú ìwé? Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo wá sun ìwé náà. Mo ní ìwé tí ikán ti ń jẹ ò yẹ ilé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà.

Ní báyìí, ìlà mẹ́ta péré ni mo rántí. Lẹ́yìn ìkẹta, ẹ máa ń dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó họ orúnkún, kí ẹ tó máa bá a lọ. Mo rántí bí ẹ ṣe ń họ orúnkún. Bàbá, kí ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e?

Ojú kọ̀ǹpútà náà ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó ṣókùnkùn, ó ń wò mí. Kò sí ẹni tó lè jí i.

Èmi ni,
ọmọ yín tó já ààlè yín, tó sì fẹ́ràn yín.