Ohùn Màmá ní Banjul

Banjul, Oṣù Kẹjọ, 1998

Ẹ̀yin Màmá Ìfẹ́dayọ̀,

Èmi Pásítọ̀ Adésọjí, olórí ikọ̀ ajíhìnrere tó ti Ìkẹ́rẹ́ wá sí Gambia, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ara ọmọ yín le, ó ń jẹun dáadáa, kò sì sunkún rí. Lánàá, ó sín Alàgbà Adéwùmí ti ìjọ wa nílé jẹ, bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́ kí wọ́n tó gbàdúrà. Àwọn ará ibí kò mọ alàgbà, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ẹ kò dá òun lóhùn nígbà tí òun dọ̀bálẹ̀ pé ó dàbọ̀, torí pé òun fi ohùn yín lé àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ sílé kí agogo tó lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ sì ki oríkì rẹ̀ sínú ìwé náà. Àràárọ̀ ló ń fi ohùn yín ki ara rẹ̀ ní balùwẹ̀: “Àlàmú, ṣé o jí ire?” Ohùn náà jọ tiyín, ṣùgbọ́n kò tó o.

Ẹ bá mi kí Rónkẹ́ àti gbogbo ará ulé. Pásítọ̀ kò mọ̀ nípa ìwé yìí. Èmi ni, Màámi.

Ìfẹ́dayọ̀